Àwọn Òǹkọ̀wé Ọjà Onitsha àti Ẹ̀kọ́ Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ fún Ẹni Tí Ń Dá Ìwé Ara Rẹ̀ Tẹ̀

Ẹni tí ó bá ti ìhà Asaba gun afárá kọjá Odò Ọya, ìlú tí yóò kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ní bèbè odò ní ìhà ìlà-oòrùn ni Onitsha, ìlú odò tí í ṣe ìlú ọjà, níbi tí ará Òkè Ọya àti ará etíkun ti ń pàdé láti ìgbà tí a kò tíì mọ ọkọ̀ ilẹ̀. Omagba jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àdúgbò tí àwọn ènìyàn ń gbé ní ìlú náà. Ọ̀dọ́ tí ó bá sì jókòó síbẹ̀ lónìí, tí ó ń fi fóònù rẹ̀ kọ ìtàn, tí ó ń ro bí òun yóò ti tún un ṣe, bí òun yóò ti tẹ̀ ẹ́ jáde láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn òun, àti bí ayé yóò ti gbọ́ pé òun wà, lè máa rò pé iṣẹ́ tí òun dáwọ́ lé kò ní baba ńlá. Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó ń bẹ nínú àpò ṣòkòtò. Ní ìlú yìí kan náà, láti nǹkan bí 1947 títí ogun abẹ́lé fi bẹ́ sílẹ̀, àwọn olùkọ́, akọ̀wé, oníṣòwò, akọ̀ròyìn àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kọ ìwé, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé àdúgbò, a sì tà á láàárín ọjà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, láìdúró de àṣẹ London tàbí ti Èkó. Ìwé ọjà Onitsha ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí ó dá mi lójú pé bí a ti ń tún ìwé ṣe, bí a ti ń polówó rẹ̀, àti bí a ti ń dé ọ̀dọ̀ òǹkàwé, gbogbo rẹ̀ ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti kọ́ wa, nínú ohun tí wọ́n ṣe ní àṣeyọrí àti nínú ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ láìṣe.

Kò yẹ kí ọmọ Yorùbá ka ìtàn yìí sí ìtàn ará ibòmíràn, nítorí ọwọ́ ọmọ Yorùbá wà nínú ìpìlẹ̀ rẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, ẹni tí a kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, tí a sì mú lọ sí ilẹ̀ Sierra Leone, ni ó bá ẹgbẹ́ Dókítà Baikie gun Odò Ọya ní 1857, tí ó sì dá ibùdó Ìjọ C.M.S. sílẹ̀ ní Onitsha. Òun kan náà ni ó ṣe ìwé ìbẹ̀rẹ̀ ìkàwé ní èdè Ígbò tí a tẹ̀ ní ọdún náà. Àlùfáà John Christopher Taylor, tí a bí ní Sierra Leone fún àwọn òbí Ígbò tí a ti dá nídè kúrò lóko ẹrú, ni ó fi sílẹ̀ níbẹ̀ láti máa bá iṣẹ́ lọ. Lẹ́yìn ọdún méjì péré, ní 1859, ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta, èyí tí ó fi hàn pé láàárín àkókò kan náà ni irúgbìn ìwé bọ́ sí ilẹ̀ àwa méjèèjì. Irúgbìn náà pẹ́ kí ó tó so ní Onitsha, ṣùgbọ́n ó so: a dá Dennis Memorial Grammar School sílẹ̀ ní 1925, a dá Christ the King College sílẹ̀ ní 1933, àwọn ìlú tí ó wà ní àyíká sì ń rán ọmọ wọn wá kàwé sí ìlú tí wọ́n ti ń wá ná ọjà tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìmọ̀ ìwé ni ìwé ìròyìn dé. Nnamdi Azikiwe, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Onitsha, tí a sì bí ní Zungeru ní 1904, dá West African Pilot sílẹ̀ ní Èkó ní 1937. Nígbà tí ó di 1943, ó ti ní ìwé ìròyìn mìíràn ní Onitsha fúnra rẹ̀, èyí tí ń jẹ́ Nigerian Spokesman. Àwọn ìwé ìròyìn wọ̀nyí la ojú ará ìlú pé ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sórí tákàdá kì í ṣe ti òyìnbó àti àlùfáà nìkan, pé ọmọ aláṣọ lè kọ ọ́, ọmọ alápẹ lè kà á. Ogun Àgbáyé Kejì parí ní 1945. Àwọn ọmọ ogun wa tí wọ́n ti dé Burma àti Íńdíà padà wálé pẹ̀lú owó díẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì ti rí irú ìwé pẹlẹbẹ olówó pọ́ọ́kú tí àwọn ará Íńdíà ń tẹ̀ fún mẹ̀kúnnù wọn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí àwọn ẹlòmíràn ti lò gbó di ohun tí oníṣòwò lè rà. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ti ibẹ̀ jáde, tí wọ́n mọ ìwé kà ṣùgbọ́n tí owó wọn kò ká ìwé tí ó ti òkè òkun wá, ń wá ohun tí wọn yóò máa kà. Igi kan kì í dá igbó ṣe: nínú àpapọ̀ gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni ìwé ọjà ti hù jáde.

Bí a bá perí akọni, a fi idà lalẹ̀. Cyprian Ekwensi, ẹni tí a bí ní Minna ní 1921, tí ó kàwé ní Government College, Ìbàdàn, tí ó sì tún kọ́ iṣẹ́ igbó títọ́jú ní Ìbàdàn kan náà, wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà yìí. Ní nǹkan bí 1947 ni ìwé ìfẹ́ rẹ̀ tí ó pè ní When Love Whispers jáde láti ọwọ́ Tabansi Bookshop ní Onitsha, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìhà Èkó. Kò tíì sí ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan tí ó mọ orúkọ rẹ̀ sí òǹkọ̀wé ńlá nígbà náà. Ọdún bí méje lẹ́yìn èyí, ní 1954, ni a tẹ People of the City, ìwé rẹ̀ nípa ìgbésí ayé ìlú ńlá, ní London. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń fi ojú tín-ín-rín wo ìwé tí a dá tẹ̀ rántí pé láti orí ìwé pẹlẹbẹ tí a fi ṣílè díẹ̀ rà lọ́jà ni ọkùnrin náà ti gùn dé ibi tí gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n.

Ìwé wọ̀nyí kò nípọn. Òmíràn kò ju ojú ewé mẹ́rìndínlógún lọ, òmíràn sún mọ́ ọgọ́rin; ṣílè kan sí ṣílè méjì àti sísì ni a ń tà wọ́n, iye tí ọmọ-ọ̀dọ̀ ọlọ́jà àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè fi ara da. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí a ti fi omi Odò Ọya wẹ̀, tí ohùn òwe àti ohùn ìwàásù ń ró nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni ohun tí ó ń jẹ ará ìgbà náà lọ́kàn: ìfẹ́ láàárín ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin tí òbí kò fẹ́ gbà, bí a ti ń kọ lẹ́tà sí àfẹ́sọ́nà, bí a ti ń kó owó jọ, bí ọtí ti ń ba ilé jẹ́, bí ìlú ńlá ti ń gbé ọmọ oko mì. Òṣèlú náà kò gbẹ́yìn: nígbà tí a pa Patrice Lumumba ní ilẹ̀ Kóńgò ní 1961, kò pẹ́ rárá tí eré nípa ikú rẹ̀ fi dé orí àtẹ ní Onitsha, Thomas Iguh sì wà lára àwọn tí ó kọ irú eré bẹ́ẹ̀. Okenwa Olisah, ẹni tí ń pe ara rẹ̀ ní alágbára orí kálàmù, kọ ìwé lórí bí owó ti ṣòro láti rí tí ó sì rọrùn láti ná, àti lórí bí ipò kan kò ti í dúró títí láéláé, ọ̀rọ̀ tí a ń rí lára ọkọ̀ akẹ́rù títí di òní.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú gbogbo wọn ni Veronica My Daughter, eré tí Ogali A. Ogali kọ ní 1956. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó mọ ìwé fẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tí ń jẹ́ Mike, ṣùgbọ́n baba rẹ̀, Olóyè Jombo, tí kò mọ ìwé, fẹ́ fi í fún Olóyè Bassey nítorí owó. Kò sí ilé kan ní ìhà ìlà-oòrùn tàbí ní ìhà tiwa nígbà náà tí irú ẹjọ́ yìí kò tíì dé, nítorí náà ni ìwé náà fi wọ ara ènìyàn. A ròyìn pé ó tà ju ẹ̀dà 60,000 lọ láàárín ọdún díẹ̀, iye tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń gbé lárugẹ kò rí títí di òní. Ogali kò dúró kí ẹnikẹ́ni sọ fún òun ohun tí àwọn ènìyàn fẹ́ kà. Ó tẹ́tí sí ìjà tí ń bẹ nínú ilé wọn, ó sì kọ ọ́ fún wọn ní èdè tí wọ́n lè sọ lẹ́nu.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìpolówó, àwọn ènìyàn wọ̀nyí gba ipò àgbà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, wọn kò sì gba ọ̀nà kan. Àkọ́kọ́, wọ́n mọ̀ pé orúkọ ni ìkíni tí ìwé ń kí ẹni tí ń kọjá lọ, wọ́n sì ń fún ìwé wọn ní orúkọ gígùn tí ó ti sọ gbogbo ẹjọ́ náà kí a tó ṣí i. Wọ́n ń fún ara wọn pẹ̀lú ní orúkọ alárà, bí Speedy Eric àti Highbred Maxwell, gẹ́gẹ́ bí jagunjagun ti ń gba oríkì lójú ogun, kí òǹkàwé tí ó bá gbádùn ọ̀kan lè mọ ẹni tí yóò béèrè nígbà mìíràn. Wọ́n ń fi àwòrán sí iwájú ìwé, nígbà mìíràn àwòrán òṣèré fíìmù òkè òkun tí kò bá ìtàn inú rẹ̀ tan, nítorí òun ni ó wà nílé ìtẹ̀wé. Ní ẹ̀yìn ìwé, wọ́n ń to orúkọ àwọn ìwé yòókù tí wọ́n ní lẹ́sẹẹsẹ. Ilé ìtẹ̀wé àti ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní New Market Road àti àwọn òpópónà tí kò jìnnà sí ọjà, ó sì jẹ́ pé oníṣòwò tí ó wá ra aṣọ tàbí ohun èlò lè ra ìdì ìwé kan mọ́ ẹrù rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ìwé ń bá ọkọ̀ akẹ́rù rìn dé gáréèjì ìlú mìíràn, tí ó sì ń bá ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Asaba ṣáájú kí a tó parí afárá ní 1965. Ọjà ìwé kò dá dúró lọ́tọ̀. Ó gun ẹ̀yìn ọjà tí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ní ìhà tiwa, ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn baba wa fi ń wá òǹkàwé kí ìwé tó di ìwé, ó sì yẹ kí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Onitsha. Isaac B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àwọn lẹ́tà obìnrin kan tí ó pè ní Ṣẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn rẹ̀ ní 1929, díẹ̀díẹ̀, bí ìwé ìròyìn náà ti ń jáde, tó bẹ́ẹ̀ tí ará Èkó fi ń dúró de èyí tí ó kàn, tí àwọn mìíràn sì ń kọ èsì ránṣẹ́ bí ẹni pé alààyè ni obìnrin náà. Ní 1930 ni ó kó wọn jọ di odindi ìwé. Denrele Ọbasá náà, tí ó ń ṣe olóòtú Yoruba News ní Ìbàdàn láti 1924, tẹ Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì ní 1927 láti ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀. Ọ̀dọ́ òde òní tí ń gbé ìtàn rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní orí kan lọ́sẹ̀, tí ń ka èsì àwọn ènìyàn, tí ó sì ń kó gbogbo rẹ̀ jọ nígbẹ̀yìn, ipa ẹsẹ̀ Thomas ni ó ń tọ̀: ó ti rí òǹkàwé kí ó tó ná owó ìtẹ̀wé.

Ṣùgbọ́n níbi tí a gbé yìn wọ́n, níbẹ̀ náà ni a ti gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa wọn. Ohun tí ó wọ́n jù ní Onitsha ni ọwọ́ tí ń tún ìwé ṣe. Thomas àti Ọbasá jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn kí wọ́n tó tẹ ìwé. Ojú wọn ti mọ́ ọ̀rọ̀ wíwẹ̀. Ní ọjà Onitsha, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìwé ń kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́ bọ́ tààrà sọ́wọ́ ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ń to lẹ́tà òjé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ náà kò jìn, tí ojú sì ń kán ọ̀gá rẹ̀. Lẹ́tà ń dojú dé, ọ̀rọ̀ ń sọnù, orúkọ ẹ̀dá ìtàn kan ń yí padà láàárín ojú ewé méjì, gbólóhùn ń bẹ̀rẹ̀ láìparí. A kì í mọ̀ ọ́n gún mọ̀ ọ́n tẹ̀ kí iyán ewùrà má lẹ́mọ, a sì lè dárí àṣìṣe díẹ̀ ji ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹmọ bá ju iyán lọ, àlejò kò ní lè jẹun. Àwọn tí kò fẹ́ràn ìwé wọ̀nyí rí ohun tí wọn yóò máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀pọ̀ ìtàn tí ó ní ọpọlọ nínú ni a sì kà sí eré ọmọdé nítorí aṣọ tí a fi wọ̀ ọ́. Bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òǹkọ̀wé tí ó bá ń dá ìwé ara rẹ̀ tẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ojú ẹlòmíràn, kí ó sì sanwó fún un bí ó bá ṣeé ṣe: ẹnì kan tí yóò wo ìtàn náà látòkè délẹ̀ kí ó sọ ibi tí ó wọ́, àti ẹlòmíràn tí yóò wo àmì àti lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí a bá ti parí àtúnṣe, nítorí iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ojú kan kì í sì í sábà ṣe méjèèjì pọ̀.

Àìlera kejì wà níbi ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé. Àwọn kan ń san owó ìtẹ̀wé fúnra wọn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ń ta ìwé àfọwọ́kọ wọn pátápátá fún onílé ìtẹ̀wé ní pọ́n-ùn díẹ̀, kò sì sí ohun tí ó tún kàn wọ́n mọ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà mẹ́wàá. A rí àwọn ìwé tí a tún tẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹlòmíràn níwájú wọn, a sì rí àwọn tí a gé, tí a lẹ̀, láìbi ẹni tí ó kọ wọ́n. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Ohun tí ó dà bí oríire ní ọjọ́ tí owó wọlé ni ó di ẹ̀dùn ọkàn nígbà tí ìwé bẹ̀rẹ̀ sí tà bí àkàrà òwúrọ̀.

Ogun abẹ́lé dé. Ní oṣù kẹwàá 1967 ni a fọ́ afárá Odò Ọya, ní oṣù kẹta 1968 ni Onitsha bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀. Ọjà ńlá, tí a ti fi ìgbéraga kọ́ ní àárín ọdún 1950 sí 1960, di àlàpà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti àkójọ ìwé sì bá a lọ. Lẹ́yìn ogun, àwọn kan tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n agbára ìgbà àkọ́kọ́ kò padà wá mọ́. Ohun tí ó ṣẹ́ kù fún wa lónìí ṣẹ́ kù nítorí pé àwọn kan tọ́jú rẹ̀ nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń fi í di ẹ̀pà. Òfin 1950 ti pàṣẹ kí a máa fi ẹ̀dà ìwé tí a bá tẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé University College ní Ìbàdàn. Ulli Beier, ará Jámánì tí ó fi ilẹ̀ Yorùbá ṣe ilé, kọ̀wé nípa wọn nínú ìwé àtìgbàdégbà Black Orpheus; Donatus Nwoga kọ tirẹ̀ nínú òmíràn, Transition, ní 1965; Emmanuel Obiechina sì fún wọn ní àyè tí ó tọ́ sí wọn nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní 1971, 1972 àti 1973. Lẹ́yìn ìgbà náà, iná tí ó kú ní bèbè Odò Ọya tún ràn ní Kánò láti ọdún 1980 síwájú, níbi tí àwọn obìnrin bí Balaraba Ramat Yakubu ti ń fi èdè Haúsá kọ ìwé ìfẹ́ àti ìwé ìyà ilé ọkọ, tí wọ́n ń dá a tẹ̀, tí wọ́n sì ń tà á láàárín ọjà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé nísinsìnyí, yálà ní Omagba tàbí ní Òṣogbo, ohun tí àwọn baba wọ̀nyí ní, ẹ ní i ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí wọn kò sì ní wà ní àrọ́wọ́tó yín. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti 2022 ni ó ń dáàbò bò yín: láti ìgbà tí ẹ bá ti kọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ ni ó ti jẹ́ tiyín, yóò sì jẹ́ ti àwọn ọmọ yín fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú yín, bí ẹ kò bá fi ọwọ́ ara yín tà á nù, nítorí náà, ẹ ka ìwé àdéhùn tán kí ẹ tó fi ọwọ́ sí i. National Library ni ó ń fún ìwé ní nọ́ńbà ISBN ní Nàìjíríà, òfin 1970 sì pa á láṣẹ pé kí ẹni tí ó bá tẹ ìwé fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ síbẹ̀. Ẹ má ṣe ka èyí sí wàhálà ìjọba, nítorí ibi tí a ti ń tọ́jú ìwé ni ìwé ti ń pẹ́ láyé ju ẹni tí ó kọ ọ́ lọ. Ẹ má sì ṣe fi gbogbo iṣẹ́ yín sí ojú kan ṣoṣo lórí íntánẹ́ẹ̀tì: OkadaBooks, tí ó ti ń ta ìwé àwọn òǹkọ̀wé wa láti 2013, kógbá sílé ní òpin oṣù kọkànlá 2023, ẹni tí kò bá sì ní ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, tí kò mọ ibi tí yóò ti bá àwọn òǹkàwé rẹ̀ sọ̀rọ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ẹ fi etí Ogali gbọ́ ohun tí ń dun ará ilé yín, ẹ fi sùúrù Thomas kọ ọ́ fún wọn ní díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ kí olóòtú tí kò bẹ̀rù yín wẹ̀ ẹ́ mọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e lọ sí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń péjọ, kí ẹ sì fi orúkọ tí wọn kò ní gbàgbé pè é. Ẹni tí ó bá ṣe gbogbo wọ̀nyí ti ṣe ohun tí Onitsha ṣe, ó sì ti parí ohun tí Onitsha kò rí àyè parí.